Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Ajá n'Íbàdàn

Láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ ariwo wọn. Àwọn kan ń gbó, àwọn kan ń ké, àwọn kan ń kùn, ohùn gbogbo wọn sì dàpọ̀ mọ́ fèrè ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé ìwòsàn ẹranko tí mò ń lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni, ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìdènà àrùn dìgbòlugi. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, oòrùn ti ń fa omi ilẹ̀ sókè, ooru ọ̀hún sì ń gbé òórùn irun ajá tó tutù, òórùn Izal àti òórùn àkàrà tí ìyá kan ń dín lẹ́nu géètì wá síni nímú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà ti gùn dé ara ògiri ṣọ́ọ̀bù kejì. Ajá ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn pupa rúsúrúsú tí ìrù wọn ká sẹ́yìn, àmọ́ ajá òyìnbó náà wà: Alsatian mélòó kan, àti Rottweiler kan tí wọ́n dì lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan gbé ọmọ ajá tirẹ̀ sínú báàgì Ghana-must-go, orí nìkan ló yọ.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mo bá débẹ̀. Nílé, ajá tó yó lè fò mọ́ ẹnikẹ́ni, kó lá a lọ́wọ́, kí àlejò sì máa rò pé òun ló fẹ́ràn jù. Ibi tí kò dé rí, tí òórùn oògùn ń dẹ́rù bà á, tí ajá àjèjì sì yí i ká, ibẹ̀ ni mo gbà pé a ti lè rí ẹni tó fọkàn tán. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ wà láàárín ìlà, okùn ajá rẹ̀ lọ́wọ́. Bingo lorúkọ ajá. Ó fẹ̀yìn ti ojúgun ọmọ náà, etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ orí. Ni ọlọ́kadà kan bá fun fèrè lẹ́bàá wọn, gbàgà. Àwọn ajá tó wà níwájú fò sókè. Bingo kò sá. Ó fún ara rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbójú sókè, ó wo ojú rẹ̀ ná, kó tó wá yíjú sí ọ̀kadà tó ti ń lọ.

“Kò sí nǹkan, Bingo. Ó ti lọ.”

Etí ajá náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì ń wojú ọmọ náà, ọmọ náà sì ń wò ó.

Wíwo ojú yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Japan gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n jẹ́ kí ajá àti ẹni tó ni ín jọ wà nínú yàrá kan, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ àwọn méjèèjì wò ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ajá tó wo ojú olówó wọn pẹ́, èròjà oxytocin pọ̀ sí i lára wọn, ó sì pọ̀ sí i lára ènìyàn náà pẹ̀lú. Èròjà yìí kan náà ló máa ń ru sókè lára ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Wọ́n dán an wò lára ìkookò tí ènìyàn fọwọ́ tọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà, ìyá kan tó wọ bùbá àǹkárá aláwọ̀ ewé so ajá rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, ó ní kó dúró, ó sì wọlé lọ gba káàdì. Mo dúró síbẹ̀. Ajá náà kọjú sí ilẹ̀kùn tí ìyá náà gbà wọlé, okùn fà lé e lọ́rùn. Kò jókòó. Ó ń kùn, ohùn tín-ín-rín kan tí kì í dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó ju bisikíìtì sí i. Ajá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí ilẹ̀kùn. Obìnrin mìíràn jáde wá, òun náà wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé. Ìrù ajá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ajá na imú, ó fà á símú, ìrù náà sì dúró.

Ohùn ìyá gan-an ló kọ́kọ́ gbọ́, láti inú ilé, kó tó rí i. Ìdajì ara rẹ̀ ló ń jù, kì í ṣe ìrù nìkan. Nígbà tí ìyá fi máa dé ìdí igi, ajá ti wé okùn mọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó fò, ó ṣubú, ó tún dìde. “Ó tó, ó tó, mo ti dé.” Ìyá tú okùn. Ìgbà yẹn ni ajá yíjú sẹ́yìn, tó wá bisikíìtì tó ti wà nínú ẹrẹ̀, tó sì jẹ ẹ́.

Lọ́dún 1998, József Topál àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Budapest, orílẹ̀-èdè Hungary, ṣe irú ìdánwò yìí fún ajá 51 àti àwọn tó ni wọ́n. Ara ọmọ kékeré àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀: olówó ajá á jáde, àjèjì á wọlé, olówó á padà. Bí olówó kò bá sí nínú yàrá, ẹnu ilẹ̀kùn ni ajá ń dúró sí jù. Bó bá wà níbẹ̀, ajá á máa ṣeré, á máa rìn káàkiri yàrá. Ní ti imú, Gregory Berns ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Emory, ní Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn ajá láti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, láìfún wọn lóògùn oorun. Wọ́n gbé òórùn oríṣiríṣi sí wọn nímú. Òórùn ará ilé wọn, tí ẹni náà kò sì sí nítòsí, ló mú kí apá ọpọlọ tó ń retí ohun rere ṣiṣẹ́ jù lọ, ju òórùn ajá ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Bàbá ọdẹ kan jókòó sórí bíríkì lápá òsì ọgbà, ajá mẹ́ta yí i ká, ṣaworo lọ́rùn wọn. Wọ́n rù, àpá pọ̀ létí wọn. N kò rí i kó fọwọ́ pa ọ̀kankan lára, àwọn náà kò sì lá a.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ó jọ pé tiyín kì í ṣeré.”

“Àárọ̀ o. Iṣẹ́ ló gbé wa pọ̀. Ìwọ sáà máa wò wọ́n.”

Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn ilé láì pe ẹnikẹ́ni. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó pòórá lójú wọn, abo dúdú inú wọn dìde, ṣaworo dún. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìfé kan, ó rọlẹ̀ débi pé ọmọ tó wà nítòsí mi kò gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó yíjú.

“Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ,” bàbá wí nígbà tí wọ́n padà dé. “Tèmi ń gbọ́. Dúdú yìí, bí mo bá sùn lábà, ẹsẹ̀ mi ló ń fi ṣe ìrọ̀rí. Mo bá yíra padà, ó jí nìyẹn.”

Mo bi í léèrè nípa Ògún, nítorí ajá kan náà tí ọdẹ gbẹ́kẹ̀ lé nínú igbó ni àwọn èèyàn wa ń fi bọ Ògún láti ayébáyé.

“Èmi náà ń bọ Ògún. N kì í fi ajá tó mọ ohùn mi bọ ọ́.”

Inú yàrá abẹ́rẹ́ gbóná. Fáànù kan ń yí, kò gbé afẹ́fẹ́ kankan wá. Òórùn sípírítì àti ìtọ̀ ajá ni. Dókítà, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, kì í bá ajá sọ̀rọ̀ kó tó bá ẹni tó mú un wá sọ̀rọ̀. “Ẹ di orí rẹ̀ mú. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa gbọ́ ohùn yín.” Bingo ki orí bọ abẹ́ apá ọmọkùnrin náà. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Ọmọ náà ṣẹ́jú jù ú lọ.

Nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń pa láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 99 ló kó o láti ara ajá. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló kù.

Dókítà tọ́ka sí ajá kékeré kan tó ń lá ẹnu ara rẹ̀ tó sì ń yán lórí ìjókòó. “Àwọn èèyàn á ní ebi ń pa á, àbí oorun ń kùn ún. Ẹ̀rù ló ń bà á.” Ó ní ọ̀pọ̀ ajá kò fẹ́ kí èèyàn gbá àwọn mọ́ra pinpin, pé kí a wo funfun ojú wọn. Èyí tó bá wá fúnra rẹ̀ tó sì kọ̀yìn sí ọ, tó jókòó, ìyẹn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́.

Nínú yàrá tó kàn, ọmọ ilé-ìwé gíga kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí páálí, ọmọ ajá kan nà gbalaja lórí itan rẹ̀. Wọ́n ń fa omi sí i lára. Àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní parvo ló kọ lù ú, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá. Ojú ọmọ ajá náà dí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ti pe orúkọ rẹ̀, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ á gbé sókè, á tún balẹ̀. Ó pè é, ó gbé. Ó tún pè é, ó gbé.

Mo rántí sàréè kan. Lọ́dún 1914, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa òkúta ní Oberkassel, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bonn ní Jámánì, kan egungun ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ajá kan tí wọ́n jọ sin. Ó ti tó ọdún 14,000. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ eyín ajá náà wò, tí wọ́n rí i pé àìsàn líle kan ti ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé, irú èyí tí ajá kì í là já bí èèyàn kò bá fún un lóúnjẹ, fún un lómi, kó sì nu ara rẹ̀. Kò tíì lè ṣọdẹ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ṣá. Kò sí ohun tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ajá àti ènìyàn.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tó kan bàbá mẹ́gáàdì kan láti wọlé. Mo ti ń ṣọ́ ọ láti orí ìlà. Alsatian ńlá kan ló fà wá, Rambo lorúkọ rẹ̀, orí sálúbàtà bàbá ló sì ń dùbúlẹ̀ sí, àgbọ̀n rẹ̀ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ìlà bá sún, ajá á dìde, á sún, á tún padà sórí ẹsẹ̀ náà. “Ọ̀gá mi ló ni ín,” bàbá ti sọ fún mi. “Wọ́n ń bọ̀.”

Ọ̀gá dé nínú jíìpù lóòótọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pè é: “Rambo!” Ajá nàró, ó ju ìrù, ó lọ lá a lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló padà sórí sálúbàtà. Lórí tábìlì, ọ̀gá ló di orí rẹ̀ mú. Ajá ń jà, èékánná rẹ̀ ń ha páànù tábìlì, ìgbà méjì ni dókítà gbé abẹ́rẹ́ sókè tó tún gbé e sílẹ̀.

“Ta ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé?”

Ọ̀gá wo bàbá. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá na apá, Rambo ki imú bọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, wọ́n sì gún un.

Mo tẹ̀lé wọn jáde síbi tí jíìpù wà. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ajá dúró.

“Bàbá, kí lẹ máa ń fún un jẹ?”

“Èyí tí ẹ bá rà náà ni, Ọ̀gá. Àmọ́ kì í jẹ ẹ́ àyàfi tí mo bá jókòó tì í.”

“Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Bàbá ha ẹrẹ̀ ìdí sálúbàtà rẹ̀ sára táyà kó tó wọlé. Ajá fò tẹ̀lé e. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ síwájú, ó sì bi bàbá léèrè aago tí Rambo máa ń jẹun alẹ́.