Acha Kàdúná kò sí nínú ìwé tí ayé jọ kà

Kò sí oníṣòwò ọkà ní Kàdúná tí kò mọ acha. Láti Gúúsù Kàdúná àti ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń kó o wọ ìlú. Wọ́n ń fi ro túwó, wọ́n ń fi po kùnú, àwọn alátọ̀gbẹ náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré débi pé iyanrìn tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ṣòro í ṣà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí Simon Krattinger ti Yunifásítì KAUST ní Saudi Arabia wà lára àwọn aṣáájú wọn, tẹ jínóòmù acha jáde nínú Nature Communications. Jínóòmù ni àkọsílẹ̀ inú DNA tó ń darí bí ohun ọ̀gbìn yóò ṣe ga tó, ìgbà tí yóò gbó àti bí hóró rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó. Acha kan láti Mopti ní Màlì ni wọ́n kà ní lẹ́tà lẹ́tà, lẹ́tà náà sì lé ní mílíọ̀nù 700. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka 166 acha oko àti 17 ìbátan rẹ̀ tó ń hù nínú igbó, wọ́n sì fi wọ́n wéra. Gínì, Màlì, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Burkina Faso, Gánà àti Nìjẹ̀r ni acha oko ti wá. Nàìjíríà ńkọ́? Koríko inú igbó nìkan ni tiwa níbẹ̀.

Àlàfo yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ohun tí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ rí. Ó fi hàn pé kì í ṣe òjò àti oòrùn nìkan ló ya irúfẹ́ acha kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ẹ̀yà àti èdè àwọn tó ń gbìn ín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu: ọwọ́ ìbátan àti àna ni àgbẹ̀ ti ń gba irúgbìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Gúúsù Kàdúná, níbi tí Atyap, Bajju, Ham àti Agworok ti ń gbé nítòsí ara wọn, tí èdè tàbí ẹ̀ka èdè kálukú sì yàtọ̀, jẹ́ àká tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yẹn. Kí a má tilẹ̀ tíì dárúkọ iburu, acha dúdú, tó jẹ́ irú ọ̀tọ̀ pátápátá. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún acha tí wọ́n kà ló ti pàdánù àbùdá kan tó ń mú kí hóró gbọ̀n dànù lóko, ìgbọ̀ndànù tiwọn sì dín díẹ̀. Ṣé acha Kagoro, ìlú àwọn Agworok, wà lára irú wọn? Ìwé náà kò lè dáhùn.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ni àgbẹ̀ nílò, kì í ṣe lẹ́tà DNA. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bó èèpo acha ni Sanoussi Diakité ti Senegal fi gba ẹ̀bùn Rolex ní 1996. Ṣùgbọ́n hóró tó ti gbọ̀n sílẹ̀ lóko kò ní dé ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn, tí àríyànjiyàn lórí TELA, àgbàdo tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, ṣì ń dùn létí, ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ yí àbùdá oúnjẹ wa padà. Kíkà yàtọ̀ sí títúnkọ: kò sí ohun tí wọ́n yí padà nínú acha náà.

Ẹ̀rù olè ló wúwo jù: pé ẹni òkèèrè yóò sọ irúgbìn wa di tirẹ̀. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Netherlands kan gba ẹ̀tọ́ oníǹkan ní Yúróòpù lórí ìyẹ̀fun teff, ọkà àwọn ará Ethiopia. Ilé-ẹjọ́ kan ní The Hague fagi lé e fún Netherlands ní 2018. Ṣùgbọ́n 2014 ni jínóòmù teff tó jáde. Olè náà kò dúró de jínóòmù, nítorí náà ìfipamọ́ kì í ṣe ààbò. Àkọsílẹ̀ tó ní déètì àti orúkọ ìlú tí irúgbìn ti wá ló ń jẹ́ ká lè sọ fún ẹni tó bá pè é ní àwárí tuntun pé irọ́ ni.

Iṣẹ́ acha wà lára ojúṣe NCRI, ilé ìwádìí ọkà ní Badeggi; IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria, kò sì jìnnà sí Kàdúná. Kí wọ́n lọ sí abúlé, kí wọ́n gba ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ín, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn, kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba Kàdúná fún wọn ní mọ́tò àti ààbò ọ̀nà, kó tó di pé àwọn àgbàlagbà tó mọ orúkọ wọ̀nyẹn lọ tán.