Bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ di ilé l'Amẹ́ríkà: Owó ilé lọ, wàhálà omi àti iná dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. L'Amẹ́ríkà, àwọn kan ti kúrò nínú ilé tí wọ́n háyà, inú bọ́ọ̀sì tó ti fi ìgbà kan gbé ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń sùn báyìí. Owó ilé tó ga ló lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1939, tí Ọ̀mọ̀wé Frank Cyr pe ìpàdé kan ní Yunifásítì Columbia, ní New York, ni yẹ́lò ti di àwọ̀ bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ra á gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà mìíràn kùn ún.

Èyí kéré sí ti omi. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí èèyàn méjì bá ń lo ogún lítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún péré ni dírọ́ọ̀mù 200 lítà máa gbé wọn. Ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dà á sígbó. Ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ní ti iná, sólà orí òrùlé ló ń gba agbára oòrùn sínú bátìrì. Ó lè gbé gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù tètè ń fa bátìrì gbẹ. Bátìrì olómi tí wọ́n bá sì ń lò kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ilẹ̀ tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí tún ń kó ìrònú bá wọn. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28 ni wọ́n lè lò lójú kan. Nítòsí Quartzsite, ní Arizona, ẹni tó bá sanwó lè wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin.

Èyí tó tún lè gbẹ̀mí èèyàn ni òtútù. Irin ni ara bọ́ọ̀sì, òtútù sì máa ń mú nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á tilẹ̀kùn, wọ́n á sì tan sítóòfù gáàsì láti yáná. Èéfín carbon monoxide tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ojú oorun ló ń pa èèyàn sí. Òun náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé wa níbí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ tí ń pariwo bí èéfín náà bá wọlé kọ́ sára ògiri.

Ẹni tó bá sá fún owó ilé, kó rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.