Ìrántí tí Kánẹ́ẹ̀lì Ń Lò, àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí kọ̀ǹpútà tí ń falẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni a ó wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti lọ dán iṣẹ́ ìkọ́ni wò, ọmọdékùnrin kan ni ọ̀ràn já lé lórí: wọ́n ní eré tí ó fi sínú ẹ̀rọ ni ó jẹ ìrántí rẹ̀ tán, wọ́n sì lé e kúrò ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ eré náà, ìrántí kò padà.

Kánẹ́ẹ̀lì ni baálé inú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín ìrántí fún gbogbo ètò, bí baálé ti ń pín iṣu fún ará ilé. Baálé pàápàá a sì máa jẹun. Ìlà tí top àti ps ń tò fún ètò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ará ilé. Oúnjẹ baálé kò sí nínú rẹ̀.

Nínú Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ìṣirò baálé wà nínú /proc/meminfo. Ẹ wo ìlà Slab. Agbọ̀n agbọ̀n ni a pín apá yìí sí, ohun tí ó jọra nínú agbọ̀n kan. Jeff Bonwick ni ó ṣàlàyé ọgbọ́n náà ní 1994. Ìlà méjì tẹ̀lé e: SReclaimable, tí kánẹ́ẹ̀lì lè gbà padà nígbà tí ìrántí bá wọ́n, àti SUnreclaim, tí kò lè gbà padà bẹ́ẹ̀. Bí ti ìṣáájú bá tóbi, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Orúkọ fáìlì ni ó sábà máa ń kún ibẹ̀. Bí èkejì bá ń ga lójoojúmọ́ láìsọ̀kalẹ̀, ẹ fura sí jíjò.

Ohun èlò slabtop ni yóò fi agbọ̀n náà hàn. Láti inú /proc/slabinfo ni ó ti ń kà á, ní ìṣẹ́jú àáyá 3-3, root nìkan ni a sì ń gbà láàyè. Iye ohun ni ó fi ń tò wọ́n. Mo fẹ́ràn kí a fi “-s c” sí i, kí ó fi títóbi tò wọ́n, nítorí ohun kékeré lè pọ̀ láìgba àyè.

A ṣọ́ ọ. Agbọ̀n kmalloc-256 ń ga, àní ní ọjọ́ Sátidé tí a ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ kan wá tún kánẹ́ẹ̀lì kọ́ pẹ̀lú kmemleak, tí ó wọ inú Linux ní 2009, tí ń wá ìrántí tí ohunkóhun kò tọ́ka sí mọ́. Ó ń dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀, nítorí náà kò yẹ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí a ti bèèrè ìrántí náà hàn: ètò tí ń darí káàdì nẹ́tíwọọ̀kì. A fi tuntun rọ́pò rẹ̀, jíjò náà sì dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gba ọmọ náà padà sí yàrá kọ̀ǹpútà.