Nígbà Tí Ẹja Bá Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Jẹ Iyùn

Kò sí ẹni tí kò mọ iyùn nínú wa. Ó wà lọ́rùn ọba, ó wà lọ́wọ́ ìjòyè, ìyàwó a sì máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ni iyùn jẹ́, àfàìmọ̀ kí mẹ́sàn-án má dáhùn pé òkúta ni. Ìdáhùn wọn kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Egungun ẹranko ni iyùn. Ẹranko náà kéré, inú òkun ni ó ń gbé, kì í sì í kúrò lójú kan títí tí yóò fi kú. Iyùn pupa tí a ń wọ̀ sọ́rùn, inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń kó o jáde, àwọn oníṣòwò Potogí sì ti ń gbé e wá sí etíkun wa láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyí tí ń kọ́lé nínú òkun lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ní apá Ọsirélíà, Indonéṣíà àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì.

Ẹ fojú inú wo ọmọ iyùn kan. Púpọ̀ nínú wọn kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ní ẹnu kan ṣoṣo lókè, ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu náà ká, ọwọ́ wọ̀nyí sì ń ta bí èsìsì. Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń fi ohun funfun kan bí ẹfun mọ ilé sí abẹ́ ara rẹ̀. Ohun kan náà ni ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin fi le. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a so mọ́ra, ilé wọn a sì di òkúta ńlá tí ó yọ ẹ̀ka bí igi. Ohun ìyanu tí ó tún wà níbẹ̀ ni pé ewéko tíntínní, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé inú ẹran ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewéko wọ̀nyí fi ń ṣe oúnjẹ, púpọ̀ nínú oúnjẹ náà ni wọ́n sì fi ń san owó ilé fún iyùn. Nítorí náà, dandan ni kí iyùn na ara rẹ̀ síta kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, àwọn kan wà tí ń sin iyùn sínú ilé. Wọn kò sìn ín fún jíjẹ tàbí fún títà o, wọ́n ń sìn ín fún wíwò ni. Wọn a kan àpótí gíláàsì, wọn a po iyọ̀ òkun mọ́ omi, wọn a gbé iná tí ó mọ́lẹ̀ bí oòrùn sórí rẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀rọ máa ru omi náà bí ìgbì. Omi náà kò gbọdọ̀ tutù, kò sì gbọdọ̀ gbóná jù. Nǹkan bí ìwọ̀n 25 tàbí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀ka iyùn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di igbó. Nígbà tí iyùn bá ti fìdí múlẹ̀, ẹni náà yóò fẹ́ kí ẹja aláràbarà máa wẹ̀ láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹja kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Centropyge loricula. Àwọn olówó táńkì ń pè é ní áńgẹ́lì oníná, nítorí pé ara rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ilà dúdú sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú òkun, kì í sinmi láti àárọ̀ títí di alẹ́: a máa sá lọ, a máa sá bọ̀, a máa ha ewéko wẹ́wẹ́ jẹ lára òkúta. Wọn a wá mú un sínú àpótí tí òkúta inú rẹ̀ kò tó nǹkan, wọn a sì máa bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí ni ẹni tí ó ti ń jẹun kiri láti àárọ̀ yóò ṣe?

Yóò tọ́ iyùn wò. Omi yíyọ̀ kan bí ikun wà lára iyùn, oúnjẹ sì wà nínú ikun náà. Ẹja náà lè gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì kọjá lọ, kò sì ní sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà wá, tí ó ń sọ ọ́ ní ìgbà ogún láàárín wákàtí kan, ọmọ iyùn yóò fà sẹ́yìn sínú ilé rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Bí kò bá jáde, ìmọ́lẹ̀ kò ní bá ewéko inú ara rẹ̀ dáadáa, ebi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹran tí ẹja gbé mì kò tó nǹkan. Àìlèsinmi ni ó ń pa iyùn.

Ohun tí ó ń da àwọn olówó táńkì láàmú jù ni pé ìwà ẹja wọ̀nyí kò bára mu. Ẹ lè rí áńgẹ́lì oníná méjì tí wọ́n jọ jáde láti inú òkun kan náà, kí ọ̀kan gbé ọdún márùn-ún láàárín iyùn láìfọwọ́ kàn án, kí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn a sì hùwà ọmọlúàbí fún ọdún kan gbáko kí ó tó yí padà. Ẹni tí ó bá ń tà á tí ó sì búra pé kì í jẹ iyùn, ẹnu ọjà lásán ni.

Ṣùgbọ́n kí a má tètè dá ẹja lẹ́bi. Iyùn lè pa ẹnu dé nítorí pé omi gbóná, tàbí nítorí pé iyọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tí ń jẹ iyùn Acropora, ẹranko kékeré kan bí ìgbín tí kò ní ìkarahun sì wà tí ń jẹ iyùn Montipora. Àwọn méjèèjì lè sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fura. Ẹni tí ó gbọ́n yóò fi tọ́ọ̀ṣì yẹ iyùn wò lóru, nígbà tí áńgẹ́lì ti sùn. Lọ́sàn-án, kí ó jókòó jìnnà sí táńkì, nítorí bí ẹja bá ti rí olówó rẹ̀, oúnjẹ ni yóò máa retí, kò sì ní hu ìwà rẹ̀ gan-an.

Bí ó bá dájú pé ẹja ni, oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́. Kí a máa bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí a sì so ewé òkun gbígbẹ, irú èyí tí àwọn ará Japan fi ń dì ìrẹsì, mọ́ ara gíláàsì kí ó lè máa ha á jẹ. Nígbà mìíràn èyí a ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mímú ni ó kù, mímú náà kò sì rọrùn, nítorí ihò òkúta pọ̀ tí yóò sá wọ̀. Pàkúté ni ọ̀nà tí ó dára: àpótí kékeré tí ó mọ́lẹ̀ gaara, tí a ń fi oúnjẹ sí inú rẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, títí ẹja yóò fi sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Lọ́jọ́ náà ni a ó fa okùn.

Ibo ni kí a gbé e lọ? Kí a gbé e lọ sínú táńkì tí kò sí iyùn, tàbí kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Kí a má ṣe dà á sínú òkun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹja kìnnìún, tí ẹ̀gún rẹ̀ ní oró, láti Òkun Índíà àti Pàsífíìkì ni ó ti wá. Ní 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní etíkun Florida, a sì gbà pé láti inú táńkì àwọn ènìyàn ni ó ti dé ibẹ̀. Lónìí ó ti gba Òkun Kàríbíánì kan, ó ti dé Brazil, ó sì ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ ní àjẹrun.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹja tí ń jẹ iyùn nítorí ebi tàbí ojúkòkòrò. Àwọn kan wà tí wọn kò mọ oúnjẹ mìíràn. Nínú àwọn ẹja labalábá, Chaetodon trifascialis fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan ju Acropora lọ. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní James Cook University ní Ọsirélíà ṣe àlàyé ẹja kan tí ètè rẹ̀ nípọn tí ó sì kún fún ikun. Bí ẹni ń fi ẹnu ko iyùn lẹ́nu ni ó ṣe ń fa ẹran rẹ̀ mu, wọ́n sì rò pé ikun náà ni kò jẹ́ kí ó ta á.

Èyí tí ó ṣe mí láàánú jù ni Oxymonacanthus longirostris, ẹja kékeré aláwọ̀ omi òkun tí ó ní àmì bí ọsàn pípọ́n kiri ara. Acropora ni ó ń jẹ, àárín rẹ̀ ni ó ń sùn, àní ní 2014 àwọn onímọ̀ rí i pé òórùn iyùn tí ó ń jẹ ni ara rẹ̀ ń gbà, tí ẹja ńlá tí ń wá a kiri kò fi ní mọ̀ pé ẹja ni. Nígbà tí ooru òkun pa iyùn ní Okinawa ní 1998, ẹja yìí rù, kò sì pẹ́ tí ó fi pòórá níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń mú un láti inú òkun wá tà fún ẹni tí kò ní iyùn tí yóò fi bọ́ ọ, púpọ̀ nínú wọn a sì fi ebi kú níwájú oúnjẹ tí a kó sílẹ̀ fún wọn. Àwọn onísùúrù díẹ̀ ti rí i sìn láti inú ẹyin, àwọn ọmọ tí a sì bí sínú táńkì ń kọ́ láti jẹ oúnjẹ mìíràn.