Kíkọ́ Iṣẹ́ Wẹ́dà Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Kékeré

Iṣẹ́ wẹ́dà tí a ń fi ẹlẹ́tíróòdù ṣe dá lórí iná kan tó ń fò láàárín ẹnu ẹlẹ́tíróòdù náà àti irin méjì tí a fẹ́ jó pọ̀. Irin máa ń yọ́ bí ooru bá tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru iná yìí sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí iná bá ti mú, etí irin méjèèjì á yọ́, orí ẹlẹ́tíróòdù á máa yọ́ kán sí i, gbogbo rẹ̀ á sì parapọ̀ di adágún kékeré kan tó pọ́n yòò. Ibi tí adágún náà bá ti dì, irin méjèèjì ti di ẹyọ kan. Ohun tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ń kọ́ gan-an nìyẹn: bí a ti ń rí adágún yìí, bí a ti ń mú un rìn, àti bí kò ṣe ní sá mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò le. Ojú ló máa ń pẹ́ kó tó mọ ohun tó ń wò.

Ẹlẹ́tíróòdù kì í ṣe wáyà lásán. Ohun gbígbẹ kan ni wọ́n fi bò ó lára. Bí ó bá ń jó, ìbòrí yìí máa ń di gáàsì tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lórí irin yíyọ́, ìyókù rẹ̀ á sì di ìdàrọ́ tó bo ojú ibi tí a jó títí yóò fi tutù. Oscar Kjellberg, ará Sweden tó dá ilé-iṣẹ́ ESAB sílẹ̀ ní 1904, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹlẹ́tíróòdù oníbòrí ní 1907. Kó tó dìgbà náà, wáyà tí kò ní ìbòrí ni wọ́n ń lò. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọ inú irin yíyọ́, ojú ìjórin náà á sì máa ṣẹ́ gbáú.

Tiransifọ́má oníwáyà kọ́pà ni ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, ó sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan ń gbé kiri lọ. Irú ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní ínfátà ló rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré kò ju kílò 10 lọ, a lè fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, iná tó ń mú jáde sì máa ń dúró déédéé ju ti tiransifọ́má lọ. Ṣùgbọ́n kí a má kàn gba nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú gbọ́. Ibi tó yẹ kí a wò ni ìwé pélébé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìgbà tó lè fi ṣiṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá kọ 60% sí iwájú áńpù 120, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 6 ni a lè fi jó irin ní áńpù 120, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 4.

Iná tó ń bọ́ ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wáyà ìtẹ̀síwájú tó gùn tó sì tín-ín-rín máa ń dín agbára iná kù, bí a bá sì ká a jọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ó lè gbóná títí tí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e rárá. Èyí tó tó kVA 5 lè fara da ẹlẹ́tíróòdù tẹ́ẹ́rẹ́ láìráhùn.

Nídìí ẹlẹ́tíróòdù, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju irú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6013 lọ. 60 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ojú ìjórin lè fara da agbára 60,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan kó tó já. 1 ń sọ pé a lè fi jó irin yálà ó dùbúlẹ̀, ó dúró, tàbí ó wà lókè orí. 3 sì jẹ mọ́ irú ìbòrí rẹ̀. 7018 lágbára jù ú lọ, àmọ́ ọ̀rinrin díẹ̀ ló ń bà á jẹ́, ó sì máa ń ṣòro láti tún tanná sí lẹ́yìn tí a bá ti dáwọ́ dúró. Ó di ọjọ́ iwájú. Ní ọjà, géèjì ni wọ́n fi ń béèrè ìwọ̀n: géèjì 12 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2.5, áńpù 60 sí 90 ló sì ń gbà. Géèjì 10, tó tó mílímítà 3.2, ń gbà tó 90 sí 130. Géèjì 12 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Kí iná kankan tó mú, ojú ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò. Ìtànṣán kan wà nínú iná ìjórin tí ojú kò lè rí, tó sì ń jó ẹyinjú. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó lè má mọ nǹkan kan lára lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, lóru nígbà mìíràn, á wá dà bí ẹni pé iyanrìn kún ojú rẹ̀. Gíláàsì dúdú tí àwọn kan ń wọ̀ lẹ́bàá títì kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí. Ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 ló yẹ iṣẹ́ yìí. Irú tó máa ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ bí iná bá ti mú tún sàn fún akọ́ṣẹ́, nítorí pé á rí ibi tó fẹ́ fi ẹnu ẹlẹ́tíróòdù sí kí iná tó tàn. Kí a sì lé àwọn ọmọdé tó ń wòran sẹ́yìn.

Aṣọ òwú tó nípọn ni kí a wọ̀. Aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara. Ìbọ̀wọ́ aláwọ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ tútù kò sì dára fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló ń bọ Ògún, ìyẹn kò sì ní kí wọ́n má wọ ìbọ̀wọ́. Èéfín náà kò ṣeé fojú di: ní 2017, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fi èéfín ìjórin sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó ń fa àrùn náà. Ìta gbangba ni kí a ti ṣiṣẹ́, kí a má sì jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ èéfín gbà. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò tún léwu lọ́tọ̀; èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà àti òtútù tó dà bí ibà lásán.

Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 5 ló dára jù fún ìdánrawò. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà àti ọ̀dà rẹ̀ kúrò, títí kan ibi tí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdìmú tó ń dá iná padà sí ẹ̀rọ, yóò ti gbá a mú. Wọ́n máa ń fi ẹnu ẹlẹ́tíróòdù ha ojú irin, kí wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀ bí iná bá ti mú. Ẹni tí kò bá gbé e kíá, ẹlẹ́tíróòdù rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin. Kí ó yí ọrùn ọwọ́ kí ó lè já, bí ó bá sì kọ̀, kí ó tú họ́dà tó di ẹlẹ́tíróòdù mú kúrò lára rẹ̀. Èyí á ṣẹlẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe é.

Àlàfo àárín ẹnu ẹlẹ́tíróòdù àti irin kò gbọ́dọ̀ ju bí wáyà inú rẹ̀ ṣe nípọn lọ. Níbí ni ìṣòro wà: bí ọwọ́ ti ń rìn lọ ní ìlà, ẹlẹ́tíróòdù ń jó kúrú, nítorí náà ọwọ́ kan náà gbọ́dọ̀ máa rìn, kí ó sì máa sọ̀ kalẹ̀. Etí á ran ojú lọ́wọ́. Bí àlàfo bá dára, ìró rẹ̀ á máa ta ṣàà láìdáwọ́ dúró bí epo tí a ń dín àkàrà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ń hu pàpàpà, ó ti jìnnà jù. Kí a dẹ ẹlẹ́tíróòdù díẹ̀ síhà ibi tí à ń lọ, kí a sì máa wọ́ ọ, kí ìdàrọ́ lè máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Iná tó mọ́lẹ̀ jù ló máa ń fa ojú akọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó wò, níbi tí irin yíyọ́ ti ń dán, tí ìdàrọ́ tó dúdú díẹ̀ sì ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti kọjá ibi tó le jù.

Lẹ́yìn tí ó bá tutù, kí a fi òòlù ṣí ìdàrọ́ kúrò, pẹ̀lú gíláàsì lójú, nítorí èérún rẹ̀ máa ń fò. Bí ojú ìjórin bá kó jọ sókè bí okùn tí kò wọ inú irin, áńpù ti kéré jù. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jin kòtò, tí ẹlẹ́tíróòdù sì ń pọ́n kó tó jó tán, áńpù ti pọ̀ jù. Ihò kéékèèké máa ń wá láti ara ọ̀rinrin, ìdọ̀tí, tàbí àlàfo tó gùn. Ojú ìjórin tó rẹwà lè máa purọ́. Kí a jó irin méjì pọ̀ ní igun, kí a de ọ̀kan mọ́ fáìsì, kí a fi òòlù wó èkejì lulẹ̀, kí a sì wo inú ibi tó ti já.

Irin gbígbóná máa ń súnkì bí ó bá ń tutù, á sì máa fa iṣẹ́ wọ́. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ kán an mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tún fi òṣùwọ̀n wò ó, kí wọ́n tó jó o tán. Páìpù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé kì í sábà nípọn ju mílímítà kan àti ààbọ̀ lọ, iná sì ń tètè dá a lu. Géèjì 14 pẹ̀lú áńpù 40 sí 60 ló yẹ ẹ, ní díẹ̀díẹ̀, kí a máa dáwọ́ dúró kí ó lè tutù.

Àgbá àti táǹkì tó ti gba epo rí kì í ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́. Ẹ̀mí epo tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù, kódà bí ó bá ti ṣófo tipẹ́ tí wọ́n sì ti fi omi ṣan inú rẹ̀.