Odídẹrẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀: Ewu tó yí ẹyẹ ká nínú ilé

Igbó Ẹfọ̀n kì í ṣe igbó mọ́. Ẹni tó bá gba òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, tó yà sí àdúgbò náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà, ilé alájà, ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká àti ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì dídán tẹ́ ni yóò bá níbẹ̀. Ẹfọ̀n oníwo tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ṣẹ́kù, òun náà kò sì kéré nígbà òjò. Ṣùgbọ́n nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, ẹyẹ igbó kan wà tí àwọn ènìyàn ń sìn títí di òní. Odídẹrẹ́ ni, òun kan náà ni àwọn mìíràn ń pè ní ayékòótọ́.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹyẹ yìí. Ìkóódẹ, ìyẹn ìyẹ́ pupa tó wà ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe ohun àfojúdi nínú ọ̀ràn oyè àti ètùtù, odídẹrẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń júwe ìlú Ìwó. Ara rẹ̀ kò wúwo. Nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù ni, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 lọ. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo 40 sí 60 ọdún láyé, ọmọ ilé sì lè jogún ẹyẹ tí bàbá rẹ̀ rà. Ọpọlọ rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Alex, odídẹrẹ́ tí Irene Pepperberg, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi ṣe ìwádìí láti 1977 títí tí ẹyẹ náà fi kú ní 2007, mọ orúkọ nǹkan bí 50, ó mọ àwọ̀ sí àwọ̀, ó sì lè sọ iye nǹkan títí dé mẹ́fà. Ẹyẹ tó ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀ kò lè máa jókòó nínú àgò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsí pé inú rẹ̀ bàjẹ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ ní ìyẹ́ tu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tú u sílẹ̀ kó máa rìn nínú pálọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orí igi gíga ni odídẹrẹ́ ń gbé nínú igbó. Bó bá tilẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn gbalasa inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń jẹ erùpẹ̀ tí wọ́n sì ń mu omi, agbo ńlá ni wọ́n ń kó lọ, kí ojú tó ń ṣọ́nà lè pọ̀. Bí ewé bá mì, gbogbo wọn á fò lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà nínú ilé kò ní agbo kankan, wọ́n sì ti lè gé ìyẹ́ apá rẹ̀ débi tí kò lè fò. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó gbé e sórí táìsì.

Nínú gbogbo ewu ibẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ló burú jù. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tá; ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ náà gan-an ni. Odídẹrẹ́ tó ti mọ olówó rẹ̀ á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, kò ní pariwo, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dún lórí kápẹ́ẹ̀tì. Olówó rẹ̀ á fà sẹ́yìn láti gbé rìmóòtù, ó ti tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ tún ń dá kún un, nítorí àwọ̀ eérú ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ táìsì tó gbòde. Bí iná ọba bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹnì kan tó rìn jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó lè má rí ẹyẹ náà rárá. Egungun ẹyẹ fúyẹ́, ihò afẹ́fẹ́ sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Sálúbàtà àgbàlagbà kan ti tó láti fọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ló tẹ̀lé ẹsẹ̀. Odídẹrẹ́ fẹ́ràn ibi tó dín, tó sì ṣókùnkùn, pàápàá nígbà tí ara rẹ̀ bá ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Ó lè wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, abẹ́ àga tìmùtìmù tàbí ẹ̀yìn fìríìjì. Bí atẹ́gùn bá ti ilẹ̀kùn pa, tàbí tí ẹnì kan bá jókòó gbàgà sórí àga tó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ọ̀nà tó dára jù láti dènà èyí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹyẹ yìí máa ń pe ara wọn nínú igbó, ọ̀kan á pè, èkejì á dáhùn, kí wọ́n lè mọ ibi tí oníkálukú wà. Ẹni tó ń sìn ín lè lo ìwà yìí. Kó yan súfèé kan, kó máa su ú nígbà gbogbo kó tó wọ yàrá tàbí kó tó dìde, kó sì máa fún ẹyẹ náà ní ẹ̀pà kan nígbà tó bá dáhùn. Láìpẹ́, ẹyẹ náà yóò máa dáhùn láìgba ẹ̀pà. Bí súfèé bá dún tí kò dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí wọn yóò fi rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá wà nílẹ̀. Ilé tí ìyá rò pé bàbá ló ń wò ó, tí bàbá rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kò sí ẹni tó ń wò ó níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá, kó máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó máa gbé e sókè. Ó rọrùn fún ẹyẹ láti sún fún ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ju pé kó sá fún èyí tó ń já bọ̀ láti òkè.

Àgógó odídẹrẹ́ tó lè fọ́ èkùrọ́ kò ní ṣàánú wáyà iná. Wáyà tẹlifíṣàn àti ti fóònù tó ń gba iná ni ó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, iná sì lè gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ yọ tàbí kí wọ́n kó o sẹ́yìn nǹkan. Irin kéékèèké náà kò dára: òjé tó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ àti síńkì tí wọ́n fi ń bo irin kí ó má baà dípẹtà jẹ́ májèlé fún un. Píà, ṣokoléètì àti kọfí tó dà sílẹ̀ kò yẹ kó dé ẹnu rẹ̀, obì náà kò sì dára fún un, nítorí ohun tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀.

Oògùn eku àti ọ̀tapìàpíà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ní etí ọ̀sà bíi ti Igbó Ẹfọ̀n, tí eku àti kòkòrò pọ̀, wọ́n máa ń fi oògùn sí kọ̀rọ̀ yàrá, kọ̀rọ̀ yẹn náà sì ni odídẹrẹ́ ń lọ. Ilé tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tú ẹyẹ sílẹ̀, kò sí àlàyé méjì lórí rẹ̀. Bákan náà ni omi tí wọ́n fi Izal tàbí kẹrosíìnì sí láti fi nulẹ̀: kí ilẹ̀ gbẹ dáadáa ná, kí wọ́n sì fi omi lásán nù ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò dà bíi ti ènìyàn. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ọn máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn tuntun kọjá nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, èyí ló ń fún un lágbára láti fò. Òun kan náà ló ń jẹ́ kí májèlé inú afẹ́fẹ́ tètè pa á. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n fín àti kọ́ìlì tó ń jó nílẹ̀ lè pa á lára kí ènìyàn tó fura. Páànù ìdáná tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ pẹ̀lú, bí iná bá mú un jù, ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí imú ènìyàn lè má gbọ́, tó sì lè pa odídẹrẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ológbò kò nílò láti bu odídẹrẹ́ jẹ tán. Kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú itọ́ rẹ̀ ti tó, bó bá ti ha á lára, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀. Ajá tó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ lè gbá a mú nínú eré. Garawa omi tó wà ní balùwẹ̀ náà ń pa ẹyẹ, nítorí bó bá ti já sínú rẹ̀, ara garawa ń yọ̀, kò lè gun ún jáde.

Ọ̀rọ̀ gígé ìyẹ́ apá tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń gé e kí ẹyẹ má baà gba ojú fèrèsé lọ. Èyí tí wọ́n gé jù a máa já lu táìsì bí òkúta, egungun àyà rẹ̀ a sì máa là. Ó sàn kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí wọ́n pa fáànù òkè àjà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ọgbà tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990 kò jìnnà sí Igbó Ẹfọ̀n, igi sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ènìyàn fi ọwọ́ tọ́ dàgbà kò mọ bí a ti ń wá oúnjẹ nínú igbó.

Pípàdánù ọ̀kan kì í ṣe ohun kékeré mọ́. Ní 2016, wọ́n ka odídẹrẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun lágbàáyé. Lọ́dún kan náà, ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní Johannesburg, wọ́n fi òfin de òwò àwọn tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2017. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Nítorí náà, ẹni tí ti rẹ̀ bá kú sábẹ́ sálúbàtà kò yẹ kó rò pé òun yóò kàn lọ ra òmíràn lọ́jà.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, kí wọ́n má di àyà ẹyẹ náà mú gírígírí. Àyà yẹn gbọ́dọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn kó tó lè mí. Ọwọ́ tó fún un pọ̀ lè pa èyí tí ẹsẹ̀ kò pa. Kí wọ́n fi aṣọ ìnura fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé e, kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú páálí tó ní ihò, tó ṣókùnkùn, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí wọ́n má rọ omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu. Bí èékánná bá ya tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ojú ibẹ̀. Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ kí ẹran apẹran má baà mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, nítorí náà èyí tó dìde tó ń rìn lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko kí ilẹ̀ tó ṣú.