Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Ìṣàwárí Ìkànnì Wa Láì Pàdánù Àkọsílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìkànnì kan tí àwọn ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù ń kó wáàsí inú ààwẹ̀, ìkéde yìgì àti ti fídáù sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ohun tó wà níbẹ̀ yóò ti pọ̀ gan-an. Ọmọ tó wà lókè òkun, tó ń wá wáàsí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, kò lè máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìṣàwárí ló máa bá a wá a. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀rọ náà láì fara balẹ̀, ó lè tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, kí ìkànnì sì sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ni atọ́ka?

Ẹ̀rọ ìṣàwárí kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo ojú ewé nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀. Ó ti kà wọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà sílẹ̀, bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá. Tí atọ́ka bá bàjẹ́, ìwé kò tíì sọnù, ibi tí a ó ti rí ọ̀rọ̀ ni a kò mọ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú atọ́ka nìkan ni àkọsílẹ̀ wà, tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ tuntun kì í sì í sábà lè lo atọ́ka tó ti pẹ́ jù. Elasticsearch 8, bí àpẹẹrẹ, lè lo atọ́ka tí Elasticsearch 7 kọ. Èyí tí 6 kọ, a ní láti tún un kọ kó tó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ sì dán an wò pé ó ṣí.
2. Ẹ kọ atọ́ka tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Kí ti àtijọ́ ṣì máa dá àwọn èèyàn lóhùn.
3. Ẹ ka iye àkọsílẹ̀ inú méjèèjì. Tí àtijọ́ bá ní 4,200, tí tuntun ní 4,150, ẹ wá àádọ́ta tó kù rí.
4. Ẹ yí ìkànnì sí tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa àtijọ́ rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ibí yìí ni ìkànnì Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀. Ẹnì kan á kọ Ìkìrun, ẹlòmíràn á kọ Ikirun. Inisa, Inisha àti Ìníṣà, ìlú kan náà ni. Fóònù méjì tilẹ̀ lè kọ “ọ́” tó jọra lójú wa, kó má jọra lójú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí ẹ̀rọ yọ àmì kúrò nígbà tó bá ń kọ atọ́ka àti nígbà tó bá ń wá ọ̀rọ̀. Kó tún tọ́jú ọ̀rọ̀ tó ní àmì, kí ẹni tó ń wá ọkọ̀ má baà kọ́kọ́ rí ọkọ́.

Ti Google ńkọ́?

Atọ́ka Google kò sí lọ́wọ́ wa. Tí àdírẹ́sì ojú ewé bá yí padà, ẹ ṣe ìdarí 301 láti ti àtijọ́ sí tuntun. Ìmọ̀ràn Google ni pé kó wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán.

Kí ìgbìmọ̀ tó sanwó fún oníṣẹ́, kí wọ́n bi í pé: Níbo ni ẹ̀dà wà? Àkọsílẹ̀ mélòó ló wà báyìí? Báwo la ṣe máa padà sí ti àtijọ́ tí tuntun bá kọ̀? Tí kò bá rí wọn dáhùn, kó má tíì fọwọ́ kàn án.